Ìkànnì Ilé-Ìwé àti Àwọn Ẹ̀ka Tó Ń Kọ Ọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ àgbà tí ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára ilé-ìwé kàn ni a kọ èyí fún: àwọn tó wà ní ọ́fíìsì Rẹ́jísítírà, ní Bọ́sárì, ní ẹ̀ka ICT, ní ọ́fíìsì alukoro, àti ní àwọn ẹ̀ka ìkẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Irú ìbéèrè tó máa ń jẹyọ ní ìpàdé ni, nígbàkigbà tí ẹnìkan bá figbe ta pé ohun tó wà lórí ìkànnì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì.

A ní ẹ̀ka ICT tó dáńgájíá. Kí ló dé tí ìkànnì wa ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ èṣí?

Ẹ̀ka ICT ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ICT lè mọ̀ bóyá ìkànnì ń ṣí tàbí kò ṣí, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ti fi kún owó họ́sítẹ́ẹ̀lì, tàbí pé Sẹ́néètì ti sún ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ síwájú, àfi bí ẹni tó mọ̀ bá sọ fún un. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí pẹ̀lú owó ilé-ìwé. Àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí iye tuntun, Rẹ́jísítírà kọ sákúlà jáde, Bọ́sárì sì yí iye náà padà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sanwó. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kò rántí pé òun náà ti kọ iye àtijọ́ sínú ìtọ́nisọ́nà tó ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tún ní tirẹ̀ nínú ìwé ìléwọ́ tó gbé síbẹ̀. Bí òbí kan bá jókòó sí Ṣakí tó wá ọ̀rọ̀ náà lórí Google, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò bá pàdé, àmì ilé-ìwé yóò sì wà lókè gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí ojú mẹ́ta, tí wọn kò sì yan ẹnikẹ́ni láti máa bojú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìpinnu tí a gbé gbogbo ìdáhùn tó kù kà nìyí: kí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì kan tó ni ín, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà ní ojú kan ṣoṣo. Bí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé bá fẹ́ mẹ́nu kan owó, kó fi lìǹkì darí òǹkàwé sí ojú-ìwé Bọ́sárì, kó má ṣe tún iye náà kọ.

Ṣé orúkọ ènìyàn la máa kọ sí ojú-ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, àbí orúkọ ọ́fíìsì?

Ipò ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ti igbákejì mọ́ ọn. Ènìyàn ń lọ, ipò ń dúró.

Ìṣòro yìí gan-an ló bí ìkànnì ayélujára. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá Geneva, kọ àbá kan fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ, àti pé bí wọ́n bá ti ń lọ ni ìmọ̀ iṣẹ́ ń bá wọn lọ, tí ẹni tuntun yóò sì máa tún ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wádìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tó dábàá láti fi yanjú rẹ̀ ló di World Wide Web. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe nítorí kí ìmọ̀ má bàa bá òṣìṣẹ́ lọ ni àwa náà ń lò, síbẹ̀ tí ìmọ̀ nípa ìkànnì fúnra rẹ̀ ń bá òṣìṣẹ́ lọ. Díìnì ń parí sáà rẹ̀, olórí ẹ̀ka ń gbé ipò fún ẹlòmíràn, akọ̀wé ń gba ìgbéga lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, agùnbánirọ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú ń parí ọdún rẹ̀, ó sì ń padà sílé.

Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọ́fíìsì Igbákejì Rẹ́jísítírà fún ètò ìgbaniwọlé ló ni ojú-ìwé kan, ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn lónìí ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọ́fíìsì náà àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú-ìwé wò kẹ́yìn hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ọ́fíìsì tó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀ kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ṣé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ni, tàbí kí ọ́fíìsì kan máa gbé gbogbo rẹ̀ jáde?

Méjèèjì ní ewu tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè gbé ohunkóhun jáde, ìkànnì yóò dà bí ẹni pé ilé-ìwé ogún ló ni ín, ẹ̀ka kan yóò máa sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò, èkejì yóò máa kọ ọ́ bí ìpolówó ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yóò tò síwájú tábìlì ẹnì kan, àwọn ẹ̀ka tí ara wọn kò bá gbà á mọ́ yóò lọ dá ìkànnì tiwọn sílẹ̀ lórí Facebook tàbí níbi ọ̀fẹ́ kan, ọ̀rọ̀ yóò sì tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ irú nǹkan yìí ní ìwọ̀n tó ga ju ti ilé-ìwé èyíkéyìí lọ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní ìkànnì tirẹ̀, àwọn àjọ kéékèèké náà ní tiwọn, débi pé aráàlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìjọba ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara rẹ̀ kó tó lè mọ ibi tí ìdáhùn wà. Ní ọdún 2010, Martha Lane Fox gba ìjọba náà nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ohun tí aráàlú nílò sábẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n sì fún ikọ̀ kan ní àṣẹ lórí bí yóò ṣe rí. Ikọ̀ náà ni Government Digital Service, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, ìkànnì kan ṣoṣo náà, GOV.UK, rọ́pò Directgov, tí aráàlú ń lò, àti Business Link, tí àwọn oníṣòwò ń lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e wọlé, lẹ́yìn náà ni àwọn àjọ tó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ kó wọ ibẹ̀ títí di òpin ọdún 2014.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ni ó yẹ kí ilé-ìwé wò dáadáa. Ojú-ìwé tí gbogbo ìlú ń lò, bí ti ìwé ìrìnnà tàbí owó-orí ọkọ̀, ikọ̀ àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ í kọ ló ń kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Ìròyìn, ìwé ètò àti ìkéde ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jáde, lórí ìkànnì kan náà àti ní ìlànà kan náà. Ẹni tó ń yẹ òótọ́ wò lè sọ pé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tún un ṣe. Bí ó bá wá ní kí gbólóhùn náà gùn sí i kó lè níyì, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ilé-ìwé tiwa, ojú-ìwé tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò pọ̀: ìgbaniwọlé, owó, ìforúkọsílẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì, transcript, kàlẹ́ńdà ilé-ìwé, bí a ṣe lè kàn sí wa. Ẹ fi ìwọ̀nyí sí abẹ́ àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì alukoro, kí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn máa jẹ́rìí sí i. Àwọn tó kù, bí orúkọ àwọn olùkọ́, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, kí ẹ̀ka ìkẹ́kọ̀ọ́ máa gbé wọn jáde fúnra wọn. Kò sí ìdí tí alukoro yóò fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka Kẹ́místìrì nítorí ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán Ọjọ́rú.

Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ìkànnì, èwo ló dára jù: WordPress, Drupal tàbí Joomla?

Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ ni. A mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í tẹ́ ẹni tó fẹ́ ta ìkànnì tuntun lọ́rùn. WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní 2003, ló gbilẹ̀ jù lọ láyé. Drupal, tí Dries Buytaert ọmọ ilẹ̀ Belgium gbé jáde ní 2001, àti Joomla, tó yapa kúrò lára Mambo ní 2005, kò gbẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì lè pa ìtàn àtúnṣe mọ́, kí ẹ lè rí ẹni tó yí gbólóhùn kan padà àti ọjọ́ tó yí i.

Ohun kan wà tó máa ń kó àwọn tó ń lo WordPress sí ìyọnu. Wọ́n gbọ́ pé ó ní ipò Contributor, ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé e jáde, wọ́n sì rò pé èyí ti yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka. Ìròyìn ni ipò yẹn àti ipò Author wà fún. Àwọn ojú-ìwé tí kì í kúrò lójú kan, irú bí ojú-ìwé owó tàbí ti ìgbaniwọlé, Editor àti Administrator nìkan ni WordPress gbà láyè láti tún ṣe bí ẹ kò bá fi nǹkan mìíràn kún un. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n á sọ gbogbo akọ̀wé ẹ̀ka di Editor, ẹni tó wà ní ẹ̀ka Ìtàn yóò sì lágbára láti pa ojú-ìwé Bọ́sárì rẹ́. Kí ẹ̀ka ICT fi àfikún tó ń dá ipò tuntun sílẹ̀ sí i, kí àṣẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mọ sí àgbàlá tirẹ̀. Drupal àti Joomla ti òde òní ní ètò ìyẹ̀wò tiwọn nínú láìfi nǹkan kún wọn.

Ní ti pípààrọ̀ ètò, ojú-ìwé tí kò ní olùtọ́jú nínú Joomla kò ní ní olùtọ́jú bí ẹ bá kó o sínú WordPress.

Ọwọ́ ènìyàn mélòó ló yẹ kí ọ̀rọ̀ kọjá kó tó jáde?

Lẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́, ènìyàn méjì tó: ẹni tó lè jẹ́rìí pé òótọ́ ni, àti ẹni tó lè rí i pé ẹni tí a kọ ọ́ fún yóò yé e. Ibi tí mẹ́mò bá ti ń gba ọ́fíìsì mẹ́fà kọjá, ọ̀rọ̀ kì í dára sí i. Pípẹ́ ló ń pẹ́, ẹni kẹfà kì í sì í kà á, nítorí ó gbà pé àwọn márùn-ún tó ṣáájú ti kà á.

Ẹ dá ọjọ́ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọwọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí, kó ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Bí kò bá dáhùn, kó lọ sọ́dọ̀ igbákejì. Kí ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìlànà pé ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí ìfọwọ́sí, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ìyanṣẹ́lódì bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, tàbí tí ìdánwò àárọ̀ ọ̀la bá yẹ̀, kò sí àsìkò fún ìyẹ̀wò ọlọ́jọ́ méjì. Kí Rẹ́jísítírà fi fóònù pàṣẹ, kí alukoro gbé e jáde, kí wọ́n sì kọ àṣẹ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹni méjì ni kí ó ní agbára yìí, kí ó má ṣe jẹ́ ẹnì kan, nítorí ẹni kan lè wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí.

Ohun mìíràn tí a máa ń gbàgbé ni ọjọ́ ìkúrò. Nígbà tí ẹ bá ń gbé ìkéde post-UTME jáde ni kí ẹ ti dá ọjọ́ tí yóò kúrò lójú òpó àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹnìkan bá rántí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ń bọ̀ yóò kà á, yóò sì wá sẹ́nu géètì ní ọjọ́ tí kò sí ìdánwò kankan.

Gbogbo ẹ̀ka ló ní gúrúùpù WhatsApp. Ṣé ìyẹn kò tó?

Fún ìjíròrò, ó tó. Fún ẹ̀rí, kò tó. Ọ̀rọ̀ tó jáde lórí WhatsApp láàárọ̀ ti wọlẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tó darapọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí i, ẹni tó sì fẹ́ ṣe màgòmágó lè yí nọ́ńbà àkáǹtì inú sákúlà padà kó tún fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ilé-ìwé lókè rẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé àsìkò ìgbaniwọlé ni òbí máa ń gba ohunkóhun gbọ́.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó yẹ ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ìkànnì, kí a tó fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Bí gbogbo ìkéde bá ń wá pẹ̀lú lìǹkì ìkànnì ilé-ìwé fún bí sáà kan, èyí tí kò bá ní lìǹkì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóminú, ohun tí a sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Sákúlà tí Rẹ́jísítírà fọwọ́ sí ni a máa ń yà ní fọ́tò tí a sì ń gbé sórí ìkànnì. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ fi fóònù yín ṣí ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Àwòrán náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á wà lórí ìlà kẹta, sítáǹpù bo ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, fáìlì náà sì tóbi débi pé dátà ẹni tó wà ní abúlé lè tán kó tó wọlé tán. Google kò lè ka inú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹni tó ń wá "ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀" kò ní rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tó ń lo ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí, kò ní gbọ́ nǹkankan níbẹ̀ ju pé àwòrán wà lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì ayélujára, tí Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994, ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní WCAG lórí bí ìkànnì ṣe lè wúlò fún ẹni gbogbo, ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ní Nàìjíríà, òfin tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ du àwọn aláàbọ̀ ara ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019 tí Ààrẹ fọwọ́ sí i.

Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní àyè tirẹ̀, nítorí ẹ̀rí ni. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí ojú-ìwé, kí ọjọ́ àti iye hàn kedere ní ìlà méjì àkọ́kọ́, kí ẹ wá so PDF náà mọ́ ọn nísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rí ìbuwọ́lù. Ọ́fíìsì tó tẹ sákúlà sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí alukoro ní ọjọ́ kan náà tí ìwé ń lọ fún ìbuwọ́lù.

Àmì inú orúkọ àwọn olùkọ́ wa máa ń dàrú lórí ìkànnì, a sì máa ń wá orúkọ náà tì. Kí ni ká ṣe?

Ohun méjì ló ń fà á. Àwọn fáìlì àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀, tí àmì ìsàlẹ̀ inú wọn kì í ṣe lẹ́tà Yorùbá gidi bí kò ṣe àmì mìíràn tí fọ́ǹtì náà yà padà. Bí ẹ bá kó o kúrò níbẹ̀ sórí ìkànnì, jágbajàgba ni yóò hàn. Irú ìyẹn kò ní oògùn ju pé kí ẹ tún un tẹ̀ lọ.

Èkejì kò hàn sójú. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀ ni a máa fi àmì ohùn lé lórí. Ẹlòmíràn sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ara e, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tún fi ohùn sí i. Lójú wa ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà wọ́n yàtọ̀, àpótí ìwákiri inú ìkànnì yín yóò sì sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé. Kí ẹ̀ka ICT ṣètò pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé yóò di ẹ̀dà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí àpótí ìwákiri sì lè fojú fo àmì ohùn, kí ẹni tó tẹ "Olu" lè rí "Olú". Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí ni òfin sọ nípa ohun tó yẹ ká gbé jáde àti ohun tí kò yẹ?

Òfin méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn pọ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n máa gbé àwọn ìròyìn kan nípa ara wọn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, títí kan bí iṣẹ́ ṣe pín láàárín àwọn ẹ̀ka, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn bí aráàlú bá béèrè ohun kan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní tirẹ̀ ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ẹ̀ka kan ń fi òfin kejì bojú láti má ṣe sọ ohunkóhun, àwọn mìíràn sì ń gbé orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde nínú tábìlì kan tí gbogbo ayé lè gbà sílẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì, iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà tábìlì rẹ̀ jẹ́ ti aráàlú. Fóònù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í ṣe ti aráàlú. Bí ọmọ náà bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti gbà á wọlé, kí ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ wò ó.

Ṣé a lè pa àwọn ojú-ìwé àtijọ́ rẹ́?

Ẹ lè pa púpọ̀ nínú wọn rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n. Ẹ ṣí ìwé Excel kan, kí ẹ kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, àti bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń wá a. Iṣẹ́ yìí kì í dùn, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè bá yín ṣe ìdajì tó ṣe pàtàkì, èyí tí í ṣe kí ẹ̀ka kan gbà pé òun ló ni ojú-ìwé yìí tàbí kó sọ pé òun kọ́. Èyí tí gbogbo ọ́fíìsì bá sẹ́, ẹ mú un kúrò.

Àdírẹ́sì tí ẹ bá yí padà gbọ́dọ̀ máa darí ènìyàn síbi tuntun. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń lò fún èyí ni 301. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, 404, ìyẹn àmì pé kò sí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀, ni ẹni tó ní lìǹkì àtijọ́ yóò bá pàdé, lìǹkì yẹn sì lè wà nínú ìwé ìgbaniwọlé tí ẹ ti tẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọmọ. Láti 1998 ni Berners-Lee ti kọ ọ́ pé àdírẹ́sì tó dára kì í yí padà. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ọ̀gá tàbí ọdún sínú àdírẹ́sì ojú-ìwé tí yóò wà títí.

Ènìyàn márùn-ún ló ń lo páásíwọ̀ọ̀dù "admin" kan. Ṣé ó léwu?

Ó léwu gan-an. Ìtàn àtúnṣe yóò máa sọ pé admin ló ṣe é, bí ojú-ìwé kan bá sì pòórá, ìfura lásán ni yóò kù láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Kí oníkálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú ìjẹ́rìí ìgbésẹ̀ méjì fún ẹnikẹ́ni tó lè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù kílíráǹsì tí òṣìṣẹ́ tó ń lọ máa ń kó kiri: kí ẹ̀ka ICT fọwọ́ sí i pé wọ́n ti pa àkáǹtì rẹ̀ dé.

Kí ẹ sì wo ẹni tí wọ́n forúkọ ìkànnì yín sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Bí kọńtírátọ̀ tó kọ ìkànnì bá ra orúkọ náà àti àyè rẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì ara rẹ̀, tí òun àti ilé-ìwé sì ní gbólóhùn asọ̀ nípa owó, gbogbo ilé-ìwé lè jí lọ́jọ́ kan kí ìkànnì má ṣí. Orúkọ ilé-ìwé ni kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì ọ́fíìsì tí ó ju ẹnì kan lọ tó lè ṣí i.

Àwọn olórí ẹ̀ka kì í dá wa lóhùn. Báwo la ṣe lè mú wọn wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ má fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa WordPress bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi ọ́fíìsì wọn wá. Akọ̀wé tó ń dáhùn ìbéèrè kan náà nípa transcript láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbà pé ojú-ìwé tó dára yóò dín wàhálà òun kù, òun ni yóò sì sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀nà tí ọ̀gá fi máa gbọ́. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní ilé-ìwé, akọ̀wé ẹ̀ka mẹ́rin tó mọ ara wọn lójú lè ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ńlá kò lè ṣe.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gba ìwé láti òkè. Kí Rẹ́jísítírà kọ ìtọ́jú ojú-ìwé sínú iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún òṣìṣẹ́ kan pàtó ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kà á mọ́ ọn nígbà ìgbéga. Iṣẹ́ tí a kò kà mọ́ ìgbéga, ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ọwọ́ kì í sì í dilẹ̀. Kí àwọn aṣojú ẹ̀ka máa pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mísítà kọ̀ọ̀kan, kí kàlẹ́ńdà ilé-ìwé wà níwájú wọn, kí wọ́n mọ ohun tí yóò yí padà kí ó tó yí padà.

Kò sí owó. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bi àwọn tó wà lẹ́nu géètì àti ẹni tó ń gbé fóònù ilé-ìwé pé ìbéèrè wo ni wọ́n ń gbọ́ jù. Ẹ mú ojú-ìwé márùn-ún tó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn, kí ẹ wá ọ́fíìsì tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jókòó pẹ̀lú wọn tún un kọ, kí ẹ sì pa gbogbo ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ kan náà wà rẹ́, kí lìǹkì rọ́pò wọn. Lẹ́yìn sáà kan, ẹ padà lọ bi àwọn ẹni géètì náà. Ìbéèrè tí wọn kò gbọ́ mọ́ ni kí ẹ fi mọ ojú-ìwé tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ṣì ń gbọ́, ẹ padà lọ kà á lórí fóònù tí ojú rẹ̀ kéré, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wà níbẹ̀, lábẹ́ ìkíni káàbọ̀ ọ̀gá àgbà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìsàlẹ̀.